Ọrun Inú Agbọ̀n Obì

Mai Baka ni Sókótó ń pe Ádámù Àlàó, èyí tí í ṣe ẹni tó ni ọrun. Obì ló ń tà lọ́jà, láàárín àwọn ará Ìlọrin àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀. Olóbì pọ̀ bí eéṣú nígbà náà, ṣùgbọ́n olóbì tó ń gbé ọrun gba àárín ìgboro kọjá láàárọ̀, òun nìkan ni. Ọmọ ọdẹ ni. Bàbá rẹ̀ kò fi ilé sílẹ̀ fún un, kò sì fi oko sílẹ̀. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ló jogún, ó sì gbé e wá sí Òkè Ọya pẹ̀lú agbọ̀n obì àkọ́kọ́ tó rù.

Bí ọjà bá ti dákẹ́, Ádámù á gbé ọrun kọ́ èjìká, á gba àdúgbò Runjin Sambo jáde, á forí lé ọ̀nà Wamakko, níbi tí odò ti ń tàn wọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí àwọn Hausa ń pè ní fàdámà. Lẹ́ẹ̀rùn, àparò àti ehoro ló ń ta níbẹ̀. Nígbà òjò, tí omi bá kún, ẹja ni. Á so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdí ọfà, á wọ omi dé itan, á dúró bíi lékeléke títí omi yóò fi gbàgbé pé ènìyàn wà nínú òun. Ẹja kì í sí níbi tí ojú ti rí i nínú omi. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ń ta. Àlàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń yan ẹja náà, tó sì ń tà á lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ń kí i lójú ọ̀nà lọ, wọ́n ń kí i bọ̀. Bàbá arúgbó kan wà ní Runjin Sambo tí kì í jẹ́ kó kọjá lásán.

"Mai Baka, padà sílé. Mo ti bá àwọn ẹja sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn ò ráyè rẹ."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Àwọn náà ní kí n kí yín, wọ́n ní ẹ ti dàgbà jù láti máa purọ́."

Bàbá á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Irú ìkíni báyìí ni gbogbo ọrọ̀ tí Ádámù ní nílùú náà. Àlejò kò ní ilẹ̀, kò ní ẹbí tí yóò dìde sí ọ̀rọ̀ rẹ̀; ohun tó ní ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ádámù mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wo òun bí ẹni tí wọn kò rí rí, lọ́jọ́ náà ni Sókótó parí fún òun àti Àlàkẹ́ àti Ràfátù ọmọ wọn.

Lọ́dún 1953, nígbà tí oòrùn le jù, tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, ìròyìn ìjà Kánò dé. Àwọn awakọ̀ ló kọ́kọ́ gbé e dé, kí rédíò tó sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìlú àti àwọn àlejò láti Gúúsù kọ lu ara wọn, wọ́n ní òkú sùn. Ní Sókótó, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọjà ń ná, wọ́n ń pe ìrun, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń ru igi wọ̀lú bó ti ń rù ú. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó máa ń jókòó sórí àpótí Ádámù kí wọ́n tó ṣa obì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lórí ìdúró. Wọ́n á sanwó, wọ́n á kí i, wọ́n á lọ. Kò sí ohun tí ènìyàn lè dì mú nínú rẹ̀ kó ní ohun tó ṣẹ̀ rèé.

Oòrùn yẹn náà ló la ọrun Ádámù. Ó sán láti ibi ìdìmú dé ìdajì apá òkè, ó sì mọ̀ pé bí òun bá tún fà á, yóò fọ́ mọ́ òun lójú. Tanko ló gbẹ́ ẹ fún un. Tanko yìí, agbẹ́run ni, abà iṣẹ́ rẹ̀ kọjú sí ilé tí Ádámù háyà, àwọn méjèèjì sì ti jọ ń pín iyọ̀ àti iná láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ràfátù. Nígbà tí Tanko rí i pé ọrun ti sán, ó tọ́ka sí ọ̀kan tó wà lára ògiri, ọrun gígùn kan tó fi iṣan màlúù wé, tó fi awọ bò.

"Èyí ti ń dúró dè ọ́," ni ó wí. "Mo mọ bí apá rẹ ti gùn tó. Wá mú un nígbà tó bá wù ọ́."

Ádámù ní òun ń bọ̀.

Felix Ọbádélé ló dá a dúró. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Felix, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, onígbàgbọ́ tó máa ń wá ra ẹja lọ́wọ́ Àlàkẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, tí kì í sì í lọ títí wọn yóò fi fún un ní oúnjẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fetí sí mi," ni Felix wí lọ́jọ́ náà. "Ọrun tẹ́ ẹ máa ń gbé kọ́ èjìká gba àárín ìlú yìí, ṣé ojú tí wọ́n fi wò ó lésìí náà lẹ rò pé wọ́n á fi wò ó báyìí?"

"Gbogbo wọn ló mọ̀ mí, Felix."

"Wọ́n mọ ara wọn ní Kánò náà. Ẹni tó gbé ọrun nínú ìlú tí ọkàn ò balẹ̀, bí ẹni tó gbé ògúnná wọ ilé ẹ̀tù ni."

Àlàkẹ́ dáhùn láti ìdí iná. "Ẹ bá mi sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ títí, wọ́n ní obìnrin kì í bá ọdẹ dá sí ọ̀rọ̀ ọrun."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá Ràfátù. Ẹ tún ní kí n bu omi wá."

Felix rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òyìnbó kan ní ọ́fíìsì àwọn ń padà sílé, kúùkù tó ń se oúnjẹ fún un sì ń bá a ta ẹrù. Ọrun kan wà nínú ẹrù náà tó ṣe é tú. Wọ́n ń so ó pọ̀ bíi ibùsùn onírin ni, wọ́n sì ń tú u sínú aṣọ. "Ẹ lè gbé e sínú agbọ̀n obì yín, ẹ bo ewé lé e. Ẹ ó gba iwájú ààfin kọjá, wọn ò ní mọ̀ pé ẹ mú ju obì lọ."

Ádámù lọ wò ó.

Ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, ní àdúgbò àwọn òyìnbó, kúùkù náà tú aṣọ kan sílẹ̀. Igi dúdú kan tó kún ọwọ́ wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe ìdìmú, àti apá mẹ́rin tó tẹ́ pẹlẹbẹ. Orí apá kọ̀ọ̀kan yí padà síwájú bí imú bàtà àwọn Lárúbáwá.

"Kí ló dé tí apá fi jẹ́ mẹ́rin?" ni Ádámù bèèrè. "Ọrun kan tàbí méjì?"

"Ọ̀kan ni. Méjì le, méjì rọ̀. Èyí tó bá wù ọ́ lo máa dè mọ́ ìdìmú. Ọ̀gá mi ní èyí tó le wà fún àgbọ̀nrín, èyí tó rọ̀ wà fún ẹran kéékèèké."

"Ṣé ó pa àgbọ̀nrín?"

"Ọ̀gá mi?" Kúùkù bú sẹ́rìn-ín. "Ewúrẹ́ ilé wa gan-an kì í yà fún un. Ó ń ta ọfà, èmi ni mo ń lọ ṣà á nínú oko olóko."

Ádámù jókòó tì í bí ọdẹ ti í ṣe. Ó kọ́kọ́ gbé ìdìmú sí àtẹ́lẹwọ́, ó pa ojú dé, ó dán an wò bóyá ọwọ́ yóò wá a tàbí òun ni yóò wá ọwọ́. Ó de apá méjì tó rọ̀ mọ́ ọn, ó fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì onírin tó dì wọ́n mú, ó wá mi gbogbo rẹ̀ létí kó lè gbọ́ bóyá ohun kan ń ṣe kẹrẹkẹrẹ níbi tí igi ti pàdé igi. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi èékánná àtàǹpàkò gba ẹ̀gbẹ́ apá kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí ojú lè má rí ibi tó sán ṣùgbọ́n èékánná á kọ́ níbẹ̀. Ó gbé ọsán sí i, ó wò ó láti ẹ̀yìn bóyá ọsán gba àárín gbùngbùn kọjá. Lẹ́yìn náà ló fà á díẹ̀díẹ̀ dé àgbọ̀n, ó mú un dúró, ó sì dá a padà láìjù ú sílẹ̀.

Ó rọ̀ lọ́wọ́, ó sì yára. Orí tó yí padà náà mú kí ọrun kúkúrú ní agbára ọrun gígùn, kò sì sí ọdẹ ẹja tí kò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: nínú omi tó dé itan, ìdí ọrun gígùn á máa lu omi, ẹja á sì sá. Ó pa apá dà, ó de àwọn tó le mọ́ ọn, ó tún fà á. Èyí fa èjìká rẹ̀. Èyí á wọ ara ẹran.

Kò lè ṣe kó má rántí èyí tó wà lára ògiri Tanko. Ti Tanko gùn, yóò pẹ́, bí iṣan rẹ̀ bá sì tú, Tanko wà níbẹ̀ tí yóò tún un wé. Ta ni yóò tún ti òyìnbó ṣe? Ṣùgbọ́n ti Tanko kò ṣe é fi pamọ́. Owó tí kúùkù sì pè kò ga, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ń lọ, kò sí ẹlòmíì tó fẹ́ ẹ. Ádámù tú ọrun náà, ó ká a sínú aṣọ. Ó rí bó ti kéré tó, ó kéré ju ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi ọ̀já gbá lọ. Inú rẹ̀ dùn sí i, ẹ̀rù sì bà á. Ó sanwó kí èyí ẹ̀yìn tó borí èyí ìṣáájú.

Òjò bẹ̀rẹ̀, omi kún. Ádámù ń gbé agbọ̀n obì jáde bí ẹni tó ń lọ pàtẹ ní Wamakko, ewé wà lókè, obì díẹ̀ wà lábẹ́ ewé, ọrun wà lábẹ́ obì. Ní etí fàdámà, nínú igbó kékeré kan, á de apá tó rọ̀ mọ́ ìdìmú, á wọ omi. Kò tíì ta ẹja tó báyìí rí. Àrọ̀ ń kú, epìyà ń kú. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ohùn ènìyàn lójú ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú koríko títí wọn yóò fi kọjá, òun tó jẹ́ pé àwọn ènìyàn yìí kan náà ló máa ń dúró kí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, darandaran kan rí i níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Kò kí i. Ó yí àwọn màlúù rẹ̀ padà, ó gba ọ̀nà mìíràn.

Àwọn tó ń rí i nígboro ń bèèrè. "Mai Baka, ina bakanka?" Níbo ni ọrun rẹ wà? Á ní ó fọ́. Bàbá arúgbó Runjin Sambo bèèrè, ó ní ó fọ́. Bàbá ní, "Ó mà ṣe o, àwọn ẹja á máa wá ọ." Ádámù kàn kọjá.

Tanko bèèrè gbẹ̀yìn. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró, kò wọlé.

"Ádámù, ina bakanka?"

"Ó fọ́ kẹ̀. Ìwọ náà rí i."

"Mo rí i pé ó sán. Tuntun ṣì wà lára ògiri. O kò wá."

"Ọjà ò tíì dáa, Tanko."

"Haba! Ṣé mo bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ ni?" Tanko wo inú àgbàlá, níbi tí èéfín ẹja ti ń rú lórí ààrò Àlàkẹ́. Ó wò ó pẹ́. "Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ìyàwó rẹ. Ẹja yìí pọ̀."

"Mo ń rà á lọ́wọ́ àwọn apẹja ni."

"To, ó dáa," ni Tanko wí, ó sì kọjá sí abà rẹ̀.

Àlàkẹ́ gbọ́ ọ. Ó yí ẹja tó wà lórí iná, ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó gbàgbé ẹ̀gbẹ́ tó ti jiná.

Kulu ló fi ìka kàn án. Aládùúgbò ni Kulu, òun ló kọ́ Àlàkẹ́ ní Hausa, kì í ra ẹja níbòmíràn. Ó gbé àrọ̀ kan sọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi ìka ọmọdìnrín bọ inú ihò kan tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ìka náà wọlé dé oríkèé.

"Kí ló gún èyí?"

"Ìwọ̀ ni," ni Àlàkẹ́ wí.

"Ìwọ̀ ẹ̀yin Yorùbá ń wọlé láti ẹ̀yìn?"

Àlàkẹ́ rẹ́rìn-ín, Kulu kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó gbé òmíràn, ihò wà lára rẹ̀. Ó gbé òmíràn. Ó tò wọ́n padà sórí àtẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ń sùn. "Ọkọ rẹ sọ fún gbogbo ayé pé òun ò ní ọrun mọ́," ni ó wí. "Allah ya kiyaye." Ọlọ́run ṣọ́ wa. Kò ra nǹkan kan lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tó kúrò lẹ́nu Kulu, ó jẹ́ pé Ádámù ní ọrun kan tó ń fi pamọ́. Nígbà tó dé ẹnu kànga, ó ti di pé inú agbọ̀n obì ló wà. Darandaran ní òun rí Yorùbá kan tó ba nínú koríko. Kí ó tó dé ọjà, kì í ṣe Ádámù nìkan mọ́, kì í sì í ṣe ọrun kan. Wọ́n ní kí ni àwọn olóbì ń fi ewé bò? Wọ́n ní kí ni wọ́n ń dúró dè? Oúnjẹ tí Àlàkẹ́ gbé fún Kulu nígbà tí ọmọ Kulu ṣàìsàn padà wá bí ó ti lọ, ọmọrí ṣì wà lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dúró yí Bùsírátù ká. Opó ni Bùsírátù, ọmọ Ìlọrin, ó ń tà nítòsí Ádámù. Wọn kò pariwo. Ọ̀kan nínú wọn kàn fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n rẹ̀, ó dojú dé, obì yí kiri nínú iyanrìn. Wọ́n fi ọ̀pá tú ewé, wọ́n wo inú agbọ̀n, wọ́n wo ara wọn. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn olóbì tó kù di ọwọ́ mọ́ agbọ̀n tiwọn, àwọn ènìyàn sì rí bí wọ́n ti dì í mú. Bùsírátù kúnlẹ̀, ó ń ṣa obì rẹ̀, ó ń nù ún lẹ́yọ lẹ́yọ. Kò wo Ádámù. Ádámù ìbá fẹ́ kó wo òun.

Nígbà tó délé, Àlàkẹ́ ti ń di ẹrù. Felix wà níbẹ̀, ó ti sáré wá láti ọ́fíìsì, òógùn bò ó.

"Ẹ sọ ọ́ sí kànga," ni Felix wí. "Ẹ sọ ọ́ sí ṣáláńgá. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n má bá nǹkan kan."

"Wọn ò bá nǹkan kan lọ́dọ̀ Bùsírátù. Ṣé wọ́n dúró?"

Felix nu òógùn ojú rẹ̀.

"Bí wọn ò bá rí i," ni Ádámù wí, "wọ́n á máa tú agbọ̀n lọ ni. Lọ́jọ́ kan, olóbì kan á gbá ọwọ́ ẹnì kan dànù, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò á sì dé síbí. Nítorí ọrun tí mo fi ń ta ẹja."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní kí ẹ rà á."

"Ìwọ lo ní kí n rà á. Ta ló ní kí n sọ pé ó fọ́?"

Àlàkẹ́ fi ẹrù sílẹ̀. "Ẹ gbé e lọ fún mai unguwa," ni ó wí. Olórí àdúgbò ni mai unguwa. "Ẹ gbé e lọ nísinsìnyí tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́, kí gbogbo wọn rí i. Bí wọ́n bá wá bá a nílé níbí, a kò ní rí ẹnu sọ̀rọ̀."

Ádámù kó aṣọ tó ká ọrun náà sí jáde nínú agbọ̀n, ó gbé e dání níwájú, kò fi ewé bò ó. Kò sí ẹni tó kí i lójú ọ̀nà. Wọ́n ń dìde níbi tí wọ́n jókòó sí bó ti ń kọjá, wọ́n ń tẹ̀ lé e, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú iyanrìn lẹ́yìn òun, kò sì gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Nígbà tó fi dé abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé mai unguwa, wọ́n ti pọ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ aṣọ, ó to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mai unguwa, àgbà tí kì í gbé ohùn sókè, wò wọ́n.

"Apá mẹ́rin," ni ó wí. "Ọrun méjì nìyí."

"Ọ̀kan ni, Ọ̀gá wa. Méjì fún ẹja, méjì fún ẹran igbó. Ìdìmú kan ṣoṣo ló ní."

"Ta ni ìdìmú kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ariwo kékeré kan gba àárín èrò kọjá bí afẹ́fẹ́ ti í gba orí ọkà. Ádámù gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé òótọ́ tí òun ń sọ kò dún bí òótọ́. Ó ní kò sí èkejì. Ó tún un sọ. Bó ti ń tún un sọ ni ó ń dún bí irọ́ sí i.

Mai unguwa ní kí wọ́n pe Tanko, nítorí òun ló mọ ọrun. Àwọn ènìyàn yà fún un. Tanko jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, kò wo Ádámù. Ó gbé apá kan, ó fi èékánná gbà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè, gẹ́gẹ́ bí Ádámù ti ṣe. Kò pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ bí wọ́n ti ń dè é. Ó de àwọn tó rọ̀, ó fà á, ó tú u. Ó de àwọn tó le, ó fà á, ó mú un dúró níwájú gbogbo wọn, orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí ẹnì kankan kò sí, àwọn tó wà nítòsí ibẹ̀ sì sún kúrò.

"Iṣẹ́ tó dáa ni," ni ó wí, ó sì gbé e sílẹ̀. Ìgbà náà ló tó kọjú sí Ádámù. "Nígbà tí mo wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ, kí lo sọ fún mi?"

"Mo ní ó fọ́."

"Ẹja ńkọ́?"

"Mo ní mo rà á."

"Tèmi wà lára ògiri nígbà náà."

"Ó wà níbẹ̀, Tanko. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí wọn ò bá rí ọrun lọ́wọ́ mi, ọkàn wọn á balẹ̀."

Tanko fi ọwọ́ nu ẹnu. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bí ó bá ní ọrun ogun ni, ilé Ádámù kò ní di alẹ́ lórí ìdúró, àti ilé Bùsírátù, àti gbogbo ọ̀wọ́ àwọn olóbì. Ádámù ń wo ètè rẹ̀.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni Tanko wí fún mai unguwa. "Ìdìmú kan ló ní, bó ti wí. Ẹja ni wọ́n ń fi ọrun yìí ta. Ọrun náà yé mi. Ẹni tó ni ín ni n kò mọ̀."

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ, ó lọ.

Mai unguwa gba ọrun náà, ó ní yóò wà lọ́dọ̀ òun. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan agbọ̀n olóbì kankan mọ́. Wọ́n tú ká, wọ́n ń lọ ní méjì méjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjà ná bí ọjọ́ gbogbo. Wọn kò tún da obì ẹnì kankan sílẹ̀, Àlàkẹ́ sì tú ẹrù tó ti dì.

Ádámù kò kúrò ní Sókótó. Ó ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó ń ta obì, Ràfátù sì dàgbà níbẹ̀. Bí ó bá pàdé dòǹgárì, ọlọ́pàá ọba, tàbí àgbààgbà àdúgbò lójú ọ̀nà, kò ní dúró kí wọ́n bèèrè. Á sọ agbọ̀n kalẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ewé kúrò, á tún gbé e. Àwọn mìíràn ń wò ó, àwọn mìíràn ń sọ pé kò di dandan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá Runjin Sambo ń kí i pé "Sannu," ó sì ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Mai Baka kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. "Bayerabe nì" ni wọ́n ń pè é, Yorùbá yẹn.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé ti ìjà Kánò sún mọ́lé, Ádámù kọjá sí abà iṣẹ́ Tanko tó wà níwájú ilé rẹ̀. Ògiri ṣófo níbi tí ọrun gígùn nì máa ń wà. Wọ́n ti tà á. Ó kí Tanko, Tanko kí i dáadáa, ó béèrè Àlàkẹ́, ó béèrè ọmọ. Ádámù ní òun fẹ́ kó gbẹ́ ọrun kan fún òun, ọrun gígùn tí òun á máa gbé kọ́ èjìká.

"Igi kò tíì gbẹ," ni Tanko wí.

Ádámù dúpẹ́, ó ní òun á padà wá. Ó padà lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí aṣọ tí Àlàkẹ́ sá ń gbẹ kí ó tó sá èyí tó tẹ̀ lé e tán, tí ètè ọmọdé ń sán. Igi tí Tanko tò sí ẹ̀gbẹ́ abà ti funfun, wọ́n ń dún gbangbangban bí wọ́n bá kan ara wọn. Tanko gbé ojú sókè kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí olóore, ó ní kó jókòó, ó fi omi lọ̀ ọ́.

"Igi kò tíì gbẹ, Ádámù."

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún bèèrè. Igi kò tíì gbẹ.